Ìyàwó Ni, Kì í Ṣe Nọ́ọ̀sì

Ọkùnrin náà pọn bàbá rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ ọwọ́, ó ń gun àtẹ̀gùn ilé ìtọ́jú àwọn àgbà lọ. Òógùn ń kán tó tó láti iwájú orí rẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn bàbá ń mì dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí rẹ̀, ó sì fi eyín di okùn àpò aṣọ mú nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti kún. Lókè àtẹ̀gùn, obìnrin kan dúró nínú aṣọ funfun, ó ká apá lé àyà, ó ń wò wọ́n bọ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o,” ni obìnrin náà wí. “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni dókítà ní kó wá kọ́ ìrìn?”

Ọkùnrin náà fẹ́ fèsì, àpò kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ráàyè. Bàbá ló dáhùn láti orí ẹ̀yìn tó wà.

“Èmi ni, ọmọ mi. Èyí tó gbé mi yìí ti mọ ìrìn tirẹ̀ tipẹ́.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé wọn sílẹ̀.”

Ọkùnrin náà tu àpò dànù lẹ́nu. “Kí n gbé wọn sílẹ̀ síbo?”

“Sórí ẹsẹ̀ wọn ni.”

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Ká ní ẹnì kan sọ fún un lọ́jọ́ náà pé obìnrin yìí ló máa fẹ́, ì bá ní kí wọ́n lọ yẹ orí onítọ̀hún wò. Èyí tó tún wá dùn ún jù ni pé obìnrin náà rẹwà. Ojú rẹ̀ mọ́ roro, ó ní èjí, ó sì dàbí ẹni tó ń fi ẹ̀rín pamọ́ sí igun ẹnu. Kí ni irú ẹwà báyìí ń wá lára ẹni tí kò láàánú?

Wẹ́dà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí irin jíjó ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, kò tíì gbéyàwó. Bàbá rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa ọkọ̀ ojú irin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Rélùwéè títí dòní. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń gbé. Lọ́jọ́ tí bàbá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, Wẹ́dà wà níbi tó ti ń gbé géètì fún oníbàárà, ó sì ti pa fóònù. Láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀ ni bàbá fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú egungun itan tó ti ṣẹ́.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù, wọ́n fi irin tún egungun náà ṣe. Bàbá fi í ṣàwàdà: “Irin ti wọ ara mi báyìí. Tó bá tún já, ìwọ ni kí o wá jó o.” Ọmọ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti búra nínú ara rẹ̀ pé ẹsẹ̀ bàbá òun ò ní tẹ ilẹ̀ mọ́ tí òun ò bá sí níbẹ̀. Ló bá sọ ẹ̀yìn ara rẹ̀ di ẹsẹ̀ bàbá, títí tí dókítà fi ní kí wọ́n gbé arúgbó náà lọ lo oṣù méjì níbi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ ní ìrìn padà.

Lọ́jọ́ kejì, Wẹ́dà dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òórùn iná irin ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó bá bàbá rẹ̀ ní etí bẹ́ẹ̀dì, tó ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bọ́tìnnì á wọ ihò, á tún yọ. Nọ́ọ̀sì aláṣọ funfun àná jókòó sórí àga níwájú rẹ̀, ó káwọ́ lé itan, ó ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Wẹ́dà fò síwájú. “Bàbá mi, ẹ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ n bá yín dè é.”

“Ẹ má fọwọ́ kàn án,” ni Nọ́ọ̀sì sọ, ohùn rẹ̀ ò ga rárá.

“Láti ìgbà wo ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀?”

“Á ti tó ogún ìṣẹ́jú.”

“Ogún ìṣẹ́jú! Ẹ sì jókòó síbẹ̀, ẹ ń wò wọ́n! Ohun tí ẹ lè bá wọn ṣe kí a tó ṣẹ́jú!”

“Ẹ̀wù mi kọ́.”

Bàbá ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ dín ariwo yín kù. Ó ku ẹyọ kan.”

Nígbà tí ẹyọ ìkẹyìn wọlé, bàbá na ọrùn, ó tún kọ́là ẹ̀wù ṣe, ó wá fi ojú kan wo ọmọ rẹ̀ tí Wẹ́dà ò tíì rí láti ọjọ́ ìṣubú. Ojú ẹni tó parí iṣẹ́ ni.

Nọ́ọ̀sì pe Wẹ́dà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jẹ́-wọ́n-ṣe-é ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bínú.

“Ẹ nífẹ̀ẹ́ bàbá yín,” ni Nọ́ọ̀sì wí, “kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ rò pé ẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ẹ ń gba ọwọ́ lọ́wọ́ wọn ni. Ẹsẹ̀ tí àgbàlagbà ò bá lò lọ́sẹ̀ yìí, kì í dúró dè é di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ gbé wọn, ẹ wẹ̀ wọ́n, ẹ wọṣọ fún wọn, ẹ fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Kí ló wá ṣẹ́kù fún wọn láti ṣe nínú ayé ara wọn?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ Wẹ́dà ní akínyẹmí ara. “Kí n wá máa wò wọ́n kí wọ́n tún ṣubú?”

“Ẹ ti bi wọ́n rí, ohun tí àwọn gan-an fẹ́?”

Wẹ́dà ò bi í rí.

Wọ́n padà wọlé. Nọ́ọ̀sì fa àga sún mọ́ bàbá, ó jókòó kí ojú àwọn méjèèjì lè ṣe déédéé. “Bàbá, kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wa, kí ni nǹkan tí ẹ fẹ́ máa fúnra yín ṣe?”

Bàbá ronú. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Nọ́ọ̀sì. “Mo fẹ́ dìde dúró kí n tọ̀ bí ọkùnrin. Ike tí wọ́n ń gbé sábẹ́ mi yìí ti sú mi.”

Ó ṣe Wẹ́dà bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ báírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé bàbá pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà tí adájọ́ bá ń kọ ìdájọ́. “Dídìde dúró tọ̀. Mo ti kọ ọ́, Bàbá. Ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀.”

Ìgbà tí báírò yẹn kan ìwé ni ìfẹ́ wọ Wẹ́dà lára. Kò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rò pé ebi ló ń pa òun ni.

Ló bá di pé ó ń tètè kúrò níbi iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń jó irin rí i pé ó ń bọ́jú, ó ń pààrọ̀ aṣọ, ó ń fi ọṣẹ bó ìdọ̀tí abẹ́ èékánná kí ó tó lọ wo bàbá rẹ̀. “Bàbá yìí mà fẹ́ràn òórùn ọṣẹ o,” ni wọ́n á wí, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Ohun tí Nọ́ọ̀sì kọ́ ọ kò kéré. Ó kọ́ ọ láti dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ tí kò lágbára, kó ṣọ́ bàbá láì fà á. Ó kọ́ ọ láti máa yẹ gìgísẹ̀ àti ìdí wò lójoojúmọ́ bóyá awọ ń pọ́n, nítorí ibẹ̀ ni egbò ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní kó máa gbé omi síbi tí ọwọ́ bàbá á tó, torí òùngbẹ kì í tètè pe àgbà mọ́. Èyí tó wá jẹ́ tuntun sí i jù ni pé kó máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

“Ilẹ̀kùn bàbá tó bí mi?”

“Yàrá wọn ni. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù yín.”

Ó jó irin ìdìmú kan fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó gbé e wá pẹ̀lú ìyangàn. Nọ́ọ̀sì fi ojú wọ̀n ọ́n. “Ó ga jù. Ara ta lẹ fi wọ̀n ọ́n?”

“Ara mi.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wá tọ̀ ni?”

“Ẹ̀yin yìí, ẹ mà le o.”

“Ẹ̀yin, ẹ̀yin! Mélòó ni mí? Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré, ẹ ti fẹ́ kà mí mọ́ àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú.”

“Kí n wá máa pè ọ́ ní kí ni?”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ yọ. “Ẹ ti ṣe é nìyẹn. Ó mà yá yín lára.”

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, bàbá gbé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀, ó rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì lójú. Wọ́n dúró síta. Wẹ́dà ń mí bí ẹni sáré. Ó gbọ́ ìró ọwọ́ lára irin. Ó gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Ó fẹ́ ti ilẹ̀kùn, Nọ́ọ̀sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ìró omi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó wá lágbára.

“Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ o!” ni bàbá pariwo láti inú.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìgbà tí bàbá ṣí ilẹ̀kùn ni wọ́n tó mọ̀ pé wọ́n ṣì di ọwọ́ ara wọn mú. Bàbá wo ọwọ́ náà, ó wo òkè. “Ẹ jọ̀wọ́, mi ò rí nǹkan kan,” ló wí, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ayé ò dùn títí kó má ní ìkọ̀sẹ̀. Wẹ́dà ní ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ obìnrin, tó ń ta aṣọ ní ìlú míì. Ó wá kí bàbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó sì sùn sí ilé Wẹ́dà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n pe Wẹ́dà níbi iṣẹ́ pé kó máa sáré bọ̀.

Bàbá tó bá lórí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe bàbá tó mọ̀. Ojú rẹ̀ ràn kankan. Ó ń pariwo pé kí èèyàn kúrò lójú irin, pé ìjánu ọkọ̀ ò mú mọ́, pé ó máa pa wọ́n. Ó ti gbá ife omi dànù. Wẹ́dà pè é, kò dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Òṣìṣẹ́ ọkùnrin kan ti mú aṣọ lọ́wọ́ láti fi so ọwọ́ bàbá mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀gbọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ń sunkún. “Mo mọ̀ pé ìrìn tí wọ́n ń fi agbára mú wọn rìn yìí máa kó bá wọn! Ogbó ti wọ̀ wọ́n lórí!”

“Ẹ ò ní so wọ́n,” ni Nọ́ọ̀sì sọ fún òṣìṣẹ́ yẹn, ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù ti sọ ara rẹ̀ di ìbínú nínú Wẹ́dà. “Ẹ̀yin lẹ fà á!” ló jágbe. Ó ti padà sí ‘ẹ̀yin’, kì í sì í ṣe ti ọ̀wọ̀. “Ẹ ní kí n gbé wọn sílẹ̀, mo gbé wọn sílẹ̀. Ẹ wá wò ó! Tó bá jẹ́ èèyàn yín ni, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe?”

Ojú Nọ́ọ̀sì pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò yẹ̀. “Bàbá àgbà mi ni wọ́n so, ní ìṣojú mi. Wọ́n ní ogbó ni, wọn ò yẹ nǹkan kan wò. Wọ́n kú sínú ìdè. Ìdí tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ yìí nìyẹn. Bàbá yín bá mi ṣàwàdà lọ́jọ́ Ẹtì. Ogbó kì í dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó bá dé lójijì, ó ní ohun tó gbé e dé.”

Ó kẹ́yìn sí i, ó lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí kọ́tìnnì kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó wá gíláàsì bàbá, ó fi í wọ̀ ọ́ lójú. Ó ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, ó jókòó síwájú bàbá níbi tí bàbá ti lè rí ẹnu rẹ̀. “Bàbá, èmi ni, Nọ́ọ̀sì yín. Ẹ̀rù ń bà yín. Mo wà lọ́dọ̀ yín. Kò sẹ́ni lójú irin, Bàbá.”

“Kò sẹ́ni?”

“Ẹnì kankan ò sí. Ẹ fún mi lọ́wọ́.”

Bàbá na ọwọ́ sí i. Ariwo rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Nígbà náà ni Nọ́ọ̀sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n, láì fi ìbínú sí i. “Àǹtí mi, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ni wọ́n jẹ, kí ni wọ́n mu, kí ni wọ́n lò?”

Ẹ̀gbọ́n nu ojú. “Kò sí nǹkan kan… Àfi oògùn oorun. Wọ́n ní àwọn ò rí oorun sùn, ni mo bá ra á fún wọn. Méjì méjì ni mo ń fún wọn nírọ̀lẹ́.” Ó sọ ọ́ tán, ó wo ojú Nọ́ọ̀sì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Dókítà dé, wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n yẹ ìtọ̀ bàbá wò, wọ́n bá àrùn nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Oògùn àti àrùn yìí ló pawọ́ pọ̀ da iyè bàbá rú. Wọ́n fún un ní ìtọ́jú tó yẹ, wọ́n ń fún un ní omi lemọ́lemọ́, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì yí padà, kó má baà máa rí ojú àjèjì. Lọ́jọ́bọ̀, bàbá la ojú, ó wo Wẹ́dà láti òkè dé ilẹ̀.

“Kí ló dé tí ojú ẹ wú báyìí? Ṣé wọ́n nà ọ́ ni?”

Wẹ́dà gbé orí lé àyà bàbá, ó sunkún bí ọmọdé.

Ó bá Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀yìn ilé, níbi tó ti ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì lórí okùn. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ń sọ, ó ní ẹnu òun ló yọ̀, ó ní kó fi ti Ọlọ́run ṣe é, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀bẹ̀ rẹ gùn ju ojú irin lọ,” ni Nọ́ọ̀sì wí. Ó ti pè é ní ‘ìwọ’. “Di igun kejì aṣọ yìí mú.”

Wọ́n jọ ká a. Nígbà tí igun pàdé igun, tí ìka pàdé ìka, Wẹ́dà ò lè pa á mọ́ra mọ́. “Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Bàbá ń lọ sílé. Mo fẹ́ kí o fẹ́ mi, kí o wá máa bá wa gbé.”

Ìdùnnú yọ lójú Nọ́ọ̀sì, ó tún wọlé padà. “‘Bá wa’? Ìwọ àti ta?”

“Èmi àti Bàbá ni.”

“Hẹn-ẹn.” Ó gba aṣọ náà, ó gbé e mọ́ àyà. “Mo ti sọ̀rọ̀ rẹ fún màmá mi, lánàá ni wọ́n bi mí pé ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún mi níbí ni mo fẹ́ lọ máa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ọkọ. Mo bá wọn jà nítorí rẹ. Sọ òótọ́ fún mi, olólùfẹ́ mi. Ṣé ìyàwó lò ń wá ni, àbí nọ́ọ̀sì?”

Ó yẹ kí Wẹ́dà dáhùn kíá. Ṣùgbọ́n ó wo inú ara rẹ̀, ó rí i pé nínú gbogbo àlá tó ti lá nípa obìnrin yìí, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, obìnrin náà sì ń bá a yẹ gìgísẹ̀ wò. Ojú tì í.

Nọ́ọ̀sì ti rí ìdáhùn. “Lọ sílé,” ló wí jẹ́jẹ́. “Tí o bá ti mọ̀ ọ́n, wá sọ fún mi.”

Oṣù mẹ́ta ni Wẹ́dà fi wá ìdáhùn náà, ọwọ́ ló sì fi ń wá a. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n jọ jókòó, wọ́n sì kọ́kọ́ bi bàbá ohun tó fẹ́. Ẹ̀gbọ́n gbà láti máa wá lo ọ̀sẹ̀ kan lóṣooṣù. Wọ́n gba opó kan ládùúgbò tó ní ìwà tútù, wọ́n ń sanwó fún un kó máa wà pẹ̀lú bàbá láàárọ̀. Wẹ́dà ká ẹní tó ń yọ̀ kúrò nílẹ̀, ó fi iná tó mọ́lẹ̀ sí ọ̀nà balùwẹ̀, ó jó irin ìdìmú sí ara ògiri, ara bàbá ló sì fi wọ̀n wọ́n. Gbogbo oògùn bàbá, ó kọ ọ́ sínú ìwé kan. Nígbà tó fi máa tó oṣù kejì, ìbẹ̀rù tó ń gbé kiri láti ọjọ́ ìṣubú ti fò lọ. Ó lè lọ síbi iṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò balẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú bàbá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó pe Nọ́ọ̀sì wá jẹun.

Nọ́ọ̀sì dé, Wẹ́dà fi àga kan hàn án. “Jókòó síbẹ̀. O ò gbọdọ̀ ṣe nǹkan kan nílé yìí lónìí.”

Bàbá jáde láti yàrá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó ti lọ̀ fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó ṣí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àlejò. Ó pẹ́ kó tó ṣí i. Wẹ́dà ń gbé oúnjẹ wá, kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá wúkọ́, Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ dìde.

“Jókòó,” ni Wẹ́dà wí.

“Ọwọ́ ń yún mi.”

“Họ ọ́.”

Bàbá gbé omi mu, ó nu ẹnu, ó wo obìnrin náà tẹ̀ríntẹ̀rín. “Ọmọ mi, jẹ́ n ṣàlàyé bí ilé yìí ṣe rí. Ọmọ mi ọkùnrin ń tọ́jú mi, ọmọ mi obìnrin ń tọ́jú mi, ìyá kan ń wá láàárọ̀, èmi náà sì ń tọ́jú ara mi. Àyè nọ́ọ̀sì ti kún níbí. Àyè ìyàwó ọmọ ló ṣófo.”

Nọ́ọ̀sì wo Wẹ́dà. Wẹ́dà ti gbé abọ́ sílẹ̀.

“Ìyàwó ni,” ló wí. “Tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí o na ẹsẹ̀, kí o sọ ohun tí ojú rẹ rí fún mi. Nǹkan tí mo fẹ́ ò ju ìyẹn lọ.”

Omi bọ́ lójú Nọ́ọ̀sì, ó sì ń rẹ́rìn-ín. “Ó ku màmá mi,” ló wí. “Wọ́n le jù mí lọ o.”

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kí ìyá náà nílé, ó gba Wẹ́dà ní ọwọ́ kan, kò fún un ní ìkejì. Ó jókòó gbọnyin sórí àga rẹ̀, ó ń béèrè ìbéèrè bí ọlọ́pàá: ta ló ń wẹ bàbá, ta ló ń fọṣọ bàbá, ta ló ń jí tí bàbá bá pè? Wẹ́dà dáhùn gbogbo rẹ̀, ojú ìyá ò tú. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta ti kọ́ Wẹ́dà láti máa ríran. Ó rí i pé ìyá fi ọwọ́ tọ etí tábìlì kó tó gbé ife kalẹ̀. Ó rí i pé omi tó ń dà sínú ife, ìdajì rẹ̀ lọ sí àwo. Ó rí i pé ọmọ ń sọ̀rọ̀ láti apá òsì, ìyá sì ń wo àga tó ṣófo.

Kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí Nọ́ọ̀sì bọ́ síta lọ dáhùn fóònù ni ó sún mọ́ ìyá, ó jókòó níwájú rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú sí mi. Láti ìgbà wo ni ojú yín ti ń ṣe báyìí?”

“Kí ló ṣe ojú mi?” Ohùn ìyá le. Wẹ́dà rọra nu omi tó dà sínú àwo. Ìyá mí kanlẹ̀. “Ó ti lé lọ́dún kan. Ó dàbí ẹni pé mò ń wo ayé láti inú èéfín. Má sọ fún un. Á fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi.” Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Tó bá wá lọ fi gbogbo agbára rẹ̀ tọ́jú bàbá rẹ, kí ló máa kù fún èmi?”

Wẹ́dà wá mọ̀ pé kì í ṣe ìkórìíra ni. Ìbẹ̀rù ni, irú èyí tí òun náà ti gbé kiri lẹ́yìn òun rí.

“Màmá, ọ̀kan lẹ bí. Ó ti di méjì. Mi ò ní bá yín sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ara yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún un lónìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí dókítà lè ṣí kúrò.”

Ìyá sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì sunkún pé ojú ìyá òun gan-an ni òun ò wò, òun tí òun ń wo ojú gbogbo àgbà ìlú. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní awọ tó dàbí kùrukùru ló bò ó, pé iṣẹ́ abẹ kékeré á ká a kúrò. Wẹ́dà ló dúró ti ìyá lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, nítorí Nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọ̀sán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ṣí aṣọ tí wọ́n fi bò ó lójú. Ìyá ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. Ó wo fèrèsé. Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì pariwo: “O ti hu ewú! Ìgbà wo?”

“Ẹyọ méjì péré ni, Màmá!”

Ìyá yíjú sí Wẹ́dà, ó wò ó títí, láti orí dé bàtà. Wẹ́dà ò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

“Ìwọ ni Wẹ́dà?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Mo rò pé o ga jù báyìí lọ.” Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé e. “Ọmọ mi, tètè fẹ́ ẹ, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àléébù rẹ̀.”

Wọ́n ṣègbéyàwó ní kóòtù lóṣù tó tẹ̀lé e, lágogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Bàbá Rélùwéè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé, ìyá ìyàwó sì ka gbogbo ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí sókè ketekete, títí dé ibi tí wọ́n kọ déètì sí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ojú òun ti là. Ẹ̀gbọ́n jó láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí mọ́tò. Àwọn arúgbó mẹ́sàn-án láti ilé ìtọ́jú wá, ẹlòmíràn pẹ̀lú ọ̀pá, ẹlòmíràn lórí kẹ̀kẹ́, àtẹ́wọ́ wọn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí akọ̀wé kóòtù fi ní kí wọ́n rọra.

Nígbà tí gbogbo èèyàn ti ń wọ mọ́tò, ọkọ àti ìyàwó dúró díẹ̀ sábẹ́ igi kan nínú ọgbà.

“Mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè kan,” ni Nọ́ọ̀sì wí, ó ń tún kọ́là ọkọ rẹ̀ ṣe. “Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan nínú iṣẹ́ mi. Tí èmi náà bá wá dàgbà, tí mo gbàgbé ẹni tí o jẹ́ ńkọ́?”

Wẹ́dà ronú lé e dáadáa, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ kí ọkùnrin ronú lórí ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

“Mi ò ní bínú,” ló wí. “Màá kan ilẹ̀kùn, màá sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún ọ, màá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹnu ìfẹ́ sí ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ mà dùn mọ́ mi o.”

Obìnrin náà gbé orí lé èjìká rẹ̀. Láti inú mọ́tò, ìyá rẹ̀ ti ń pè wọ́n pé òun ń rí wọn o, pé kí wọ́n máa bọ̀. Wọn ò tíì dá a lóhùn.